Ọpọlọ Tí Mùstàfá Rà fún Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá rí Mùstàfá télọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn lójú ọ̀nà Máṣífà ní Ẹ̀jìgbò, á rò pé èèrà ló wọ ọ́ ní ṣòkòtò. Á jókòó sídìí máṣíìnì, á fẹsẹ̀ wa á díẹ̀, á tún fò dìde. Àǹtí Fàsílátù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ, ń padà sí Àbíjàn lọ́jọ́ Alámìísì, kò sì ní wálé mọ́ títí di Iléyá. Ohun tí Mùstàfá bá rán an ló máa rà bọ̀. Bó bá ṣì í rán, ó di àmọ́dún nìyẹn.

Kí ló fẹ́ rán an? Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni! Ó ti ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan lọ́wọ́ tíṣà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ara rẹ̀ ló pé, àfi ọpọlọ rẹ̀ tó ti jóná, ìyẹn pelebe kékeré kan tó hu irin wínníwínní lábẹ́, tó ń bá ẹ̀rọ náà ronú. Mùstàfá sì ti fọ́nnu káàkiri Ẹ̀jìgbò pé káàdì ìpè fún yìgì òun àti Kùdírátù, tó máa wáyé lẹ́yìn Iléyá, inú kọ̀ǹpútà òun ni yóò ti jáde, kì í ṣe ilé ìtẹ̀wé Òṣogbo. Kùdírátù náà ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà.

Owó ọwọ́ rẹ̀ ò ju ti ẹyọ kan lọ. Oríṣi ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní 486 ló jóná, 486 ló sì yẹ kó rà. Ó ti pinnu, ó ti fún Àǹtí lówó, ó ti fún un ní èyí tó jóná kó fi ṣe àpẹẹrẹ, bí àwọn aláṣọ ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà tó ń kà títí ó fi fàya, Pẹ́ńtíọ̀mù, ọpọlọ tuntun tó yára ju 486 lọ, ló ń yìn ṣáá. Pẹ́ńtíọ̀mù! Orúkọ yẹn nìkan, bí ẹní yìnbọn!

Nígbà tí Alámìísì pé, ó sáré dé gáréèjì. Gàníyù mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì Àbíjàn.

"Gàníyù, ìwọ lo mọ ẹ́ńjìnnì. 486 àbí Pẹ́ńtíọ̀mù?"

Gàníyù yọrí síta. "Èwo ló ń jẹ epo díẹ̀?"

"Iná mànàmáná ni wọ́n ń jẹ!"

"Ìwọ tí o ń fi èédú lọ aṣọ? Kúrò níwájú mi, jàre, jẹ́ n so nọ́ọ̀tì."

Dírẹ́bà ti ń fun fèrè. Lójú ẹsẹ̀ ni aṣọ Iléyá àwọn ọmọdé wá sọ́kàn Mùstàfá. Ní Ẹ̀jìgbò yìí, ìyá wo ló ń rán aṣọ tó ṣe gẹ́lẹ́ fún ọmọ? "Télọ̀, ẹ fi àyè sí i, á dàgbà bá a." Ṣé kọ̀ǹpútà ni ò wá ní dàgbà bá Pẹ́ńtíọ̀mù? Ṣebí bákan náà ni àwòrán àwọn méjèèjì ṣe tóbi nínú ìwé ìròyìn!

Ó na ọwọ́ wọ ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. "Àǹtí, ẹ fún mi ní àpẹẹrẹ yẹn padà! Pẹ́ńtíọ̀mù ni kí ẹ rà. Owó agbádá yìgì mi rèé, ẹ fi kún un."

"Láìmú àpẹẹrẹ dání? Mùstàfá!"

"Ẹ ṣáà bi wọ́n, Àǹtí. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n."

Bọ́ọ̀sì ṣí. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn ún mọ́.

Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, Àǹtí dé pẹ̀lú Pẹ́ńtíọ̀mù nínú gèlè. "Bọ́ǹ! Ó dáa, òun rèé. Mo ná an títí ọkùnrin náà fi ń fi Faransé bú mi."

Irin rẹ̀ ń dán bíi góòlù. Mùstàfá ṣí kọ̀ǹpútà. Kùdírátù dúró tì í. Mùstàfá gbé Pẹ́ńtíọ̀mù lé ojú ihò tí ọpọlọ ń wọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ó yọ síta lọ́tùn-ún, ó yọ síta lósì, bí ẹsẹ̀ àgbà nínú bàtà ọmọdé. Ó yí i. Ó tún un yí.

"Bọ̀ọ̀dá Mùstàfá," Kùdírátù sọ jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ ò lè gé díẹ̀ lára rẹ̀ ni?"

"Ṣé ańkárá ni?"

Àǹtí pòṣé. "Ọdún wo lo rí mi tí mo ra ọjà láìmú àpẹẹrẹ dání?"

Mùstàfá dorí kodò. "Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á fi mí ṣẹ̀sín."

"Àwa méjèèjì ni wọ́n máa fi ṣe é. Ẹ jẹ́ á lọ tẹ káàdì l'Óṣogbo. Ṣé káàdì ni mo ní mo fẹ́ fẹ́ ni? Ọkọ tó lè jókòó lèmi ń wá."

Mùstàfá jókòó. Lóòótọ́ ló jókòó. Àmọ́ kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ bí ẹni tó ń wa máṣíìnì, ló bá fò dìde, ó fi Pẹ́ńtíọ̀mù lé Àǹtí lọ́wọ́.

"Àpẹẹrẹ rèé, Àǹtí! Tí ẹ bá ń padà, pátákó inú kọ̀ǹpútà tó ní ihò tó gba èyí ni kí ẹ bá mi wá. Gẹ́lẹ́ o! Ẹ má fi àyè kankan sí i."

Àǹtí ò tíì dáhùn tí Kùdírátù fi gbá a lápá mú. Mọ́tò Òṣogbo ti ń kún.