Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Tí Kì í Kọ́lé

Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan wà tí kì í kọ́lé. Bàbá onílé wa l'Ágbowó ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo sì rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà wọ́n láàmú. Bíríkìlà ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ amọ̀, kò sì sí ọ̀gá tí mo júbà fún nídìí rẹ̀ bí ẹyẹ yìí. Á fi ẹnu bu ẹrẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àjà, kò ní okùn ìwọ̀n, kò ní páńkó, ilé náà kò sì ní jábọ́. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wo ni kò wá ní í kọ́lé?

"Àlejò ni," ni Bàbá wí. "Tiwa ló ń kọ́lé. Àwọn tó ń dé nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n ń tò sórí wáyà iná bí ọmọ iléèwé, àwọn yẹn kì í bu ẹrẹ̀ kankan níbí. Òkè òkun nilé wọn wà. Wọ́n fò kọjá aṣálẹ̀ kí wọ́n tó débí."

Tíṣà ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún kan ni wọ́n fi kàwé nílùú òyìnbó, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú awò ojú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí n máa bá àwọn lọ sẹ́bàá àbàtà tó wà lẹ́yìn Bódìjà láràárọ̀ Sátidé. Èmi a máa wò, wọn a máa kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé, gàdàgbà-gàdàgbà.

Ìyàwó wọn kì í jẹ́ ká lọ láìfi wá ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹni tí kò rí abẹ́rẹ́ he nílẹ̀, òun ló ń wá ẹyẹ lójú ọ̀run! Bíríkìlà, tó o bá rí wọn, bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n rí jígí ojú bàbá yìí lọ́nà. Àtàná la ti ń wá a."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé awò yẹn sójú, mo gbàgbé láti mí. Ẹyẹ tí mo ti ń rí láti kékeré ni, àṣé n kò rí i rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú aró jáde, ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí ẹni fi osùn pa á, ìrù rẹ̀ là sí méjì tẹ́ẹ́rẹ́. Kò wúwo tó ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan. Ohun tó kéré tó báyìí ló fò kọjá aṣálẹ̀, tó sì tún ń ṣeré lórí omi bí ẹni pé ilé kejì ló ti wá.

Sátidé kan, Bàbá sọ̀rọ̀ kan. "Àwọn òyìnbó máa ń fi òrùka sí àwọn mìíràn lẹ́sẹ̀. Nọ́ńbà àti ìlú tí wọ́n ti fi í sí i wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá rí i, á kọ lẹ́tà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹyọ kan. Kí n rí i kí ojú yìí tó ṣú pátápátá. Àwọn tó ń pè mí ní bàbá ẹlẹ́yẹ á mọ̀ pé n ò purọ́."

Mo gbé awò kúrò lójú. Mo ti rí ọ̀kan rí.

Ọdún tó ṣáájú ni, n kò tíì di ayálégbé wọn. A ń da kọ́ńkéré àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Bódìjà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan forí sọ gíláàsì fèrèsé ilé kejì, ó bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo gbé e. Òrùka funfun kékeré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ nǹkan sí i.

Fóòmáànù wa pariwo. "Jù ú sílẹ̀! Ta ní í fi òrùka sẹ́yẹ lẹ́sẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ó rán an níṣẹ́? Ìwọ ni wọ́n rán an sí o!"

"Bóyá ọkọ ló ń wá," ni ọ̀kan nínú wa wí. "Ó ti mú òrùka tirẹ̀ dání."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Níbi tí wọ́n bí mi sí, ohun tí wọ́n bá rán síni, bíbò là á bò ó mọ́lẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ́ńkéré tútù, mo fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì ra ojú rẹ̀ títí ó fi dán. Wọ́n yìn mí fún àtẹ̀gùn yẹn.

Sátidé mẹ́ta ni mo fi dákẹ́ lẹ́yìn tí Bàbá sọ ọ̀rọ̀ òrùka. Wọn a bi mí pé, "Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?" Màá ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bàbá." Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gba awò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọjú rẹ̀ sí wáyà. Àwọn ẹyẹ náà ti fò lọ tipẹ́.

"Wọ́n mà pọ̀ lónìí o," ni Bàbá wí.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n sọ awò kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Kí ni wọ́n kọ sí i?"

"Mo rí L, mo rí O, mo rí N. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n ka ìyókù."

"Ilé wo ni?"

Mo mú wọn lọ. Ìyálé ilé náà ń gbálẹ̀. Bàbá kí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo iṣẹ́ ọmọ àwọn ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ̀gùn náà láti etí kan dé èkejì.

"Ó dán," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra ní, "Ó kúkú ti nílé níbí báyìí. Ìwọ lo kọ́ ọ fún un."

Ó dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ.

Nígbà tí a délé, wọ́n na ìwé ẹyẹ sí mi. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sínú rẹ̀. "Kọ ohun tí o rí, bí o ṣe rí i." Mo kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, mo kọ òrùka, mo kọ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ni mo fi ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni kún un: n kò lè búra pé ó ti kú nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bàbá ní kí n kà á fún àwọn. Mo kà á. Wọ́n na ọwọ́ gba ìwé náà, wọ́n rọra pa á dé.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí.