Kìídípẹtà àti Ọ̀pá Mónẹ́lì

Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nílé iṣẹ́ náà kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí Kìídípẹtà kó mínírà sitọ́kípà jáde nínú kúlà, tó sì ki irin bọ inú yìnyín. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú ganrínganrín. Láti àárọ̀ ni ọ̀pá mónẹ́lì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, irin tí omi òkun kì í jẹ, ti wà nílẹ̀ níwájú ilé ìkẹ́rù. Sitọ́kípà fi òòfà kàn án títí, òòfà kò mú un.

"Wọ́n ti lù wá ní jìbìtì," ni sitọ́kípà wí. "Òòfà máa ń fa mónẹ́lì díẹ̀. Sitéńlẹ́ẹ̀sì lásán lèyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e padà."

"Ta ló fẹ́ gbé kí ni padà?" Kìídípẹtà fèsì. "Ara rẹ̀ ló gbóná. Bí mónẹ́lì bá gbóná, kì í gbọ́ ti òòfà mọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù ná."

"Baba, irin ni o. Kì í ṣe pé ibà ń ṣe é."

Baba ṣí kúlà, ó kó ìgò mẹ́fà sórí ilẹ̀ gbígbóná, ó ki ọ̀pá bọ yìnyín, ó sì jókòó tì í. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ó nù ún gbẹ, ó gbé òòfà lé e. Òòfà rọra dì í mú. Sitọ́kípà wo òòfà, ó wo mínírà rẹ̀ tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ní kí wọ́n gbé ọ̀pá wọlé.

Kí ẹ mọ ìdí tí baba fi jà tó bẹ́ẹ̀: òun ló ń tún pọ́ńpù ilé iṣẹ́ náà ṣe, pọ́ńpù tó ń fa omi òkun wá láti mú kí ẹ̀rọ wọn tutù. Irin lásán ni ọ̀pá àárín rẹ̀ látijọ́. Bí oṣù méjì bá ti fẹ́ pé, iyọ̀ á ti jẹ ẹ́ wọ eegun, gbogbo ẹ̀rọ á dákẹ́, wọ́n á sì ránṣẹ́ pe baba, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọdún méjìlá ló fi ń bá a yí bẹ́ẹ̀. Ó ti sú u, ó sì ti sú ìyàwó rẹ̀ jù ú lọ.

"Ìgbà wo lẹ máa sinmi, Baba Àwọn Ọmọ?" ni ìyàwó rẹ̀ máa ń bi í. "Ẹ̀yin àti tèmi ti dàgbà."

"Ọjọ́ tí ọ̀pá kan bá lo ọdún kan gbáko nínú pọ́ńpù yẹn láìjẹ, ọjọ́ náà ni màá jókòó tì ọ́." Ìlérí tó ṣe nìyẹn, obìnrin náà sì dì í mú.

Ọdún méje ni baba fi bẹ ọ̀gá àgbà kó ra mónẹ́lì. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i pẹ́nrẹ́n, ìwàásù dé nìyẹn: ìdá méjì níkẹ́ẹ̀lì, ìdá kan bàbà, wọ́n yọ́ wọn pọ̀, omi òkun ò rí i gbé ṣe. Ó ní òun ni wọ́n ń lò fún ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ojú omi àti fún àgbá tí wọ́n ń kó ásíìdì sí. "Kì í dípẹtà!" Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Nígbà tí wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn, dókítà béèrè ibi tó ń dùn ún. Baba ní, "Ẹ fi tèmi sílẹ̀ ná. Kí ni wọ́n fi ṣe abọ́ abẹ́rẹ́ yín yìí?"

Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀pá wọlé tán, baba kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ó ní mónẹ́lì kò fẹ́ ìyára, kò sì fẹ́ ìdúró. Bí ọ̀bẹ ẹ̀rọ bá ń fi ara rà á láìgé e, ojú rẹ̀ á le gbagidi, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ó ń fi ẹ̀rọ fá a lọ́wọ́ ni ọ̀gá àgbà wọlé pẹ̀lú ìwé.

"Baba, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

Baba na ìka kan sókè, kò wẹ̀yìn. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀gá fi dúró síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, baba yíjú padà. "Ẹ kú ìnàró, ọ̀gá. Kí lẹ ń wí?" Ọ̀gá ti gbàgbé.

Wọ́n de ọ̀pá mọ́ pọ́ńpù, ó sì ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ìsinmi ti dé láìdúró de ọdún. Àárọ̀ kejì, baba tún ti wọ aṣọ iṣẹ́.

"Omi tó ń sàn ni mónẹ́lì fẹ́," ni baba ṣàlàyé. "Bí omi òkun bá dúró sójú kan sí i lára, ibẹ̀ ló ti ń luhò. Èèyàn náà nìyẹn. Bí mo bá jókòó sílé, màá luhò."

"Èmi wá ni omi tó dúró sójú kan?"

Baba jẹun tán, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Bó ṣe ń lọ lójoojúmọ́ nìyẹn, títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún pé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wẹ̀ tán, ó sùn lọ lórí àga, kò jí mọ́. Ó dun gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Sitọ́kípà ló sunkún jù.

Ọjọ́ tí ọdún pé, ìyàwó rẹ̀ dé sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó ní kí wọ́n tú pọ́ńpù.

"Ìyá, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa," ni fọ́ọ̀mánì wí.

"Mo gbọ́. Ẹ tú u. Ojú mi ni mo fẹ́ fi rí i."

Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Wọ́n fa ọ̀pá náà jáde, fọ́ọ̀mánì fi àkísà nù ún láti ìdí dé orí. "Kò jẹ, Ìyá. Kò jẹ rárá."

"Ká ní baba wà níbí," ni sitọ́kípà wí, "ta ni ìwàásù rẹ̀ ì bá jẹ́ kó gbádùn lónìí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ o," ni ìyá wí nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀. "Kò kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni. Bó bá délé, èmi ni mo máa ń bá a bọ́ bàtà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ, ó sì forí lé ilé. Kò yára rìn. Kò sí ẹni tí yóò máa dúró dè nílé mọ́.