Òṣìṣẹ́ Mẹ́jọ, Ibi Iṣẹ́ Mẹ́rin

Púpọ̀-Ló-Dùn ni àwọn ará àdúgbò ń pe bàbá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yìí, orúkọ náà sì bá a mu. Bí ìṣó mẹ́ta bá tó àpótí kan, méje ni yóò kàn mọ́ ọn. Èèyàn dáadáa ni o, ẹ má ṣì mí gbọ́, àmọ́ orí ẹ̀ le!

Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi kọ ètò kan tó ń ta ayò òyìnbó tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì fúnra ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Yàrá ẹ̀yìn ló ti ń kọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀, aránṣọ, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àbúrò ẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé ń fẹsẹ̀ tẹ aṣọ oníbàárà mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ara ìyàwó kò gbà á mọ́.

"Bàbá wọn, ẹ̀rọ yín ń sùn nínú yàrá, èmi ń jìyà lẹ́nu ọ̀nà. Títí dìgbà wo?"

Ni ọkọ bá búra. Ìdíje àwọn ètò ṣẹ́ẹ̀sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni ètò tòun máa ta ayò. Bí kò bá borí, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, òun á pa iṣẹ́ náà tì títí láé, yàrá á sì di ti ìyàwó. Ó búra tán ló sáré padà sídìí ẹ̀rọ.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó fẹ́ gbé lọ ní ibi iṣẹ́ mẹ́rin tó fi ń ronú. Àmọ́ ètò mìíràn wà nínú ọpọlọ náà: bí ẹ bá tan án, ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba òṣìṣẹ́ méjì, ẹ̀rọ náà á wá máa pe ara ẹ̀ ní ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ta ni ẹ rò pé ó tan án? Iye ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan fò láti mílíọ̀nù mẹ́ta, ó sún mọ́ mẹ́rin. Bàbá jó yí àga po. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!" Kò tiẹ̀ rántí fi aago dán an wò.

Sátidé dé, ìyàwó bá a lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n fún ètò kọ̀ọ̀kan láti fi ta ayò ẹ̀ tán; èyí tí àkókò ẹ̀ bá tán ti pàdánù. Nínú ayò àkọ́kọ́, ètò bàbá ti há ọba ẹnì kejì mọ́ igun, ó kù díẹ̀ kó pa á, ni àkókò bá tán kó tó gbé ìgbésẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkejì rí.

"Ó dà bíi pé ètò yìí ti sùn lọ," ọkùnrin kan wí, gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Púpọ̀-Ló-Dùn jáde síta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń fi etí ẹ̀wù nu omijé. Ìyàwó tẹ̀ lé e.

"Ó ń rí ibi tó máa gbà," ọkọ wí. "Ó kàn ń pẹ́ sọ ọ́ ni."

"Òṣìṣẹ́ mélòó lẹ kó síbẹ̀?"

"Mẹ́jọ."

"Ibi iṣẹ́ ńkọ́?"

"Mẹ́rin."

Ìyàwó pòṣé. "Èmi àti àbúrò mi, ẹ̀rọ ìránṣọ kan la ní. Bí mo bá ń gé, òun á máa rán. Ó ń yá díẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ bí àwa méjèèjì bá fẹ́ rán lẹ́ẹ̀kan náà, wàhálà dé. Ìgbà míì, apá aṣọ kan náà làwa méjèèjì á gé. Tí a bá sì jọ dorí kodò, oníbàárà á kanlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Ta ló ń dá oníbàárà lóhùn nínú ẹ̀rọ yín?"

Yéè! Bàbá fò dìde. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń ronú, ẹni tó yẹ kó gbé èsì jáde kò ríbi dúró sí. Ọ̀pọ̀ nínú ìgbésẹ̀ tó lé lórí mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn sì rèé, ohun tí òṣìṣẹ́ kan ti yẹ̀ wò ni òmíràn tún ń yẹ̀ wò. Ó sáré wọlé, ó pa ètò ẹlẹ́ni mẹ́jọ yẹn, ó ní kí mẹ́ta máa ronú, kí ìkẹrin máa jíṣẹ́. Iye náà já wálẹ̀ sí mílíọ̀nù méjì lé díẹ̀. Ó dùn ún wọra.

Ayò kẹta bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ ń jáde wéré wéré. Nígbà tó di ìkọkànlélógójì, ètò ẹnì kejì juwọ́ sílẹ̀. Bàbá ké tòò, ó dì mọ́ ọkùnrin tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ń lọ sílé, ó gbé ẹ̀rọ mọ́ àyà, ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Àfi bó ṣe dúró lójijì.

"Ìyá wọn, o mọ̀ pé bí mo bá pàdánù, ìwọ lo ni yàrá."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tó o fi là mí lọ́yẹ̀?"

Ìyàwó gbé báàgì ẹ̀ sí èjìká kejì.

"Ta ló fẹ́ jókòó ránṣọ nínú yàrá tí ọkọ ẹ̀ ti sunkún jáde?"