Afárá Pákó Tí Bàbá Mi Kàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, Ìkọ̀tún kò rí bí ẹ ṣe ń wò ó lónìí yìí. Koríko pọ̀ ju ilé lọ. Tí ẹ bá yà kúrò lójú títì tó lọ sí Ìgandò, iyanrìn lẹ ó máa tẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ohùn omi kí ẹ tó rí i. Odò kékeré kan ni, ṣùgbọ́n òun ló pín àdúgbò wa sí méjì. Ilé wa wà níhìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ mi àti ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n ti ń fún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ wà lódìkejì. Afárá pákó tí ìjọba ṣe ni gbogbo wa ń gbà kọjá.

Káfíńtà ni bàbá mi. Kì í ṣe káfíńtà tó ń kan àga o. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tún ọ̀nà ṣe ló ń bá ṣiṣẹ́, irú afárá bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni wọ́n máa ń kàn kiri. Láràárọ̀, ọkọ̀ iṣẹ́ wọn á wá gbé e, òun pẹ̀lú aṣọ kákí rẹ̀ tí ìyá mi ti lọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ náà á fi yà sí títì, inú mi á sì máa dùn ṣìnkìn.

Ìgbà tó yá ni ìgbà tí à ń pè ní Sáàpù dé, ètò tí ìjọba fi ń dín ìnáwó kù. Ẹ̀yin ò bá a. Ìjọba ní owó ò sí mọ́, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń dá èèyàn dúró. Bàbá mi mú lẹ́tà tirẹ̀ wálé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Ó fi í sábẹ́ rédíò, ó jókòó, ó jẹun. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ó jí lásìkò tó máa ń jí, ó wẹ̀, ó wọ kákí, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ ò wá. Ó dúró títí oòrùn fi gun orí òrùlé, kó tó padà wọlé wá tú okùn bàtà rẹ̀.

Ìyá mi fara dà á títí. Iyọ̀, ìṣáná àti ata gígún tó ń tà níwájú ilé kò lè bọ́ èèyàn márùn-ún. Nígbà tó yá, ó ní òun á lọ bá ìyá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ilẹ̀ wà láti dáko. Ó kó àwọn àbúrò mi méjèèjì dání. Wọ́n fi èmi sílẹ̀ nítorí ìwé tí mò ń kà; tíṣà ti sọ fún un pé orí mi pé, kò yẹ kí n fi kíláàsì sílẹ̀ láàárín ọdún. Ìyá mi ní tó bá fi máa di Iléyá, òun á ti dé. Iléyá dé, kò dé. Awakọ̀ kan ló fi iṣẹ́ rán pé àwọn àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Ilé wá dákẹ́. Ẹni tó bá ti gbé inú ilé tí ọmọdé ti ń sunkún, tí wọ́n wá kó àwọn ọmọ náà lọ, ló lè mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi ò lù mí, kò bú mi, kò kàn sọ̀rọ̀ ni. Màá tẹ ẹ̀bà, màá gbé tirẹ̀ síwájú rẹ̀, a ó jẹun, á ní, “O ṣeun,” ó parí náà nìyẹn. Ó burú débi pé ewúrẹ́ onílé wa ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀ tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé.

Ọdún yẹn náà ni òjò gbé afárá wa lọ. Àwọn àgbà àdúgbò kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kò sówó. Láàárín sùúrù yẹn, abiyamọ kan tó fẹ́ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní òun á fẹsẹ̀ la omi já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Wọ́n yọ òun àtọmọ jáde, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ti mumi yó, ó sì pẹ́ gan-an kó tó ké. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní kí ọmọdé kankan má débẹ̀ mọ́. Ojú títì la wá ń gbà yí po lọ sílé ẹ̀kọ́, á sì ti rẹ̀ wá kí a tó débẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, bàbá mi ṣì ń wọ kákí jáde láràárọ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Èrò mi ni pé ó ń wáṣẹ́ kiri lọ sí àdúgbò Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ti Command. Lọ́jọ́ kan, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ odò, kí a lè wo bí omi ṣe pọ̀ tó. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Omi mù ún dé ìbàdí, ó ń gbá òpó igi mọ́lẹ̀, òun nìkan. Àwọn tó wà ní bèbè ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìrònú ti yí ọkùnrin yìí lórí, ó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ tí ìjọba ò gbé fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí pé, “Bàbá yín kọ́ nìyẹn?”

Mo ní, “Rárá o. Mi ò mọ̀ ọ́n rí.”

Omi ò pariwo débi tí kò fi ní gbọ́. Bàbá mi gbójú sókè, ó wò mí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó dé, ó fọ ẹsẹ̀, ó jókòó. Mi ò lè wojú rẹ̀. Ẹja kan ṣoṣo tó wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, ó mú un, ó fi sínú tèmi. Mo dìde lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Nígbà tó di Sátidé, mo tẹ̀ lé e. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó na etí pákó kan sí mi, ó ní, “Dì í mú dáadáa, má jẹ́ kó yí.” Àwọn pákó tí omi gbé sọ sísàlẹ̀ odò ló ń wọ́ padà. Rédíò wa tí mi ò rí mọ́ nínú ilé, òun ló tà tó fi ra ìṣó. Lọ́jọ́ náà, ó kọ́ mi bí a ṣe ń mọ pákó tí omi ò ní tètè jẹ, bí a ṣe ń fetí mọ̀ bóyá òpó ti wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ lọ́jọ́ yẹn nìkan pọ̀ ju ti oṣù mẹ́ta lọ.

Ìyá kan wà tó ń ránṣọ ní yàrá kejì sí tiwa, ará Ìbàdàn ni. Òun ló wá dúró ní bèbè, ó bi bàbá mi pé ta ló rán an níṣẹ́. Bàbá mi nu ojú, ó ní, “Owó oṣù ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, Ìyá. Wọn ò gba iṣẹ́ ọwọ́ mi.”

Ìyá náà yí padà. Ó lọ bá àwọn ọkùnrin tó máa ń ti àárọ̀ ta dráàfù lábẹ́ igi, tí wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ bíi ti bàbá mi. Mi ò mọ ohun tó sọ fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ kan nínú wọn wá, akọ̀wé kan náà wá, tí ọwọ́ rẹ̀ ò di òòlù mú rí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, wọ́n ti ju mẹ́wàá lọ. Àwọn obìnrin ń se àgbàdo wá. Mo tún gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi.

Afárá náà parí kí òjò tó dáwọ́ dúró. Ọkùnrin kan láti ìjọba ìbílẹ̀ wá bèèrè ẹni tó fún wọn láṣẹ. Bàbá mi dá a lóhùn pé, “Omi tó gbé ti àkọ́kọ́ lọ ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, sà.” Ọkùnrin náà wò ó títí, ó sì gba orí afárá kọjá lọ.

Ǹ bá fẹ́ kí ìtàn náà tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n afárá ò lè bọ́ ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ yẹn padà sí ìlú rẹ̀, akọ̀wé lọ sí Kútọnu, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tán, ó wá ku bàbá mi nìkan, tó ń lọ yẹ ìṣó wò láràárọ̀. Nígbà tí mo yege láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ìyá mi ní kí n máa bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bẹ bàbá mi pé kí a jọ lọ. Ó ní ta ni yóò máa tọ́jú afárá? Mo gbà á gbọ́ nígbà náà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ojú ló ń tì í láti fọwọ́ lásán wọ ilé àna rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo lọ, ọdún mẹ́fà ló dá gbé inú yàrá yẹn. Tí mo bá lọ kí i lásìkò họlidé, ìyá aránṣọ á sọ fún mi pé ìgbà míì wà tí òun kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá yìí náà ló bá a lórí ẹní láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Ó ti dákẹ́. Ìyá mi àti àwọn àbúrò mi wá bá mi ní Ìkọ̀tún lẹ́yìn tí a ti sin ín. Àbúrò mi ọkùnrin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí pé, “Báwo ni ohùn bàbá wa ṣe máa ń rí?” Mo la ẹnu, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́.

Àyíká ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Kọnkéré ni afárá ibẹ̀ báyìí, mọ́tò ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Àdúgbò ti kún fọ́fọ́, gbogbo ilé ti mọ ògiri gíga, géètì sì wà níbi gbogbo. Nígbà tí omi ba ojú ọ̀nà wa jẹ́ lọ́dún tó kọjá, onílé kọ̀ọ̀kan ra yẹ̀pẹ̀, ó dà á síwájú géètì tirẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Èmi náà ra tèmi, mo dà á síwájú ilé, mo wọlé. Mi ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lódìkejì mi, òun náà ò sì mọ tèmi. Nígbà Sáàpù, owó ni ìjọba dín kù. Ta ló wá dín àwa kù báyìí? Mo máa ń jókòó sí bárańdà ronú nípa rẹ̀, mi ò sì rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi ju ara wa lọ.