Yàrá Tí Mo Tún Ṣe De Ọmọ Mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ mi ní Oak Park dé, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, nígbà tí ọmọbìnrin mi pè. Òun nìkan ni mo bí. Oyún àkọ́bí wà nínú rẹ̀, ó sì ti ń sún mọ́.

Ó ní, "Dádì, ìyá ọkọ mi ní kí á máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ní Joliet tí mo bá bímọ. Wọ́n ní yàrá ti wà nílẹ̀."

Mo ní, "Yàrá wà níbí náà."

"Kápẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́? Dádì, ẹ mọ̀ pé tí mo bá sùn níbẹ̀, ikọ́ ò ní jẹ́ kí n gbádùn. Ọmọ náà ńkọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Láti kékeré ni eruku ti ń bá èémí rẹ̀ jà. Yàrá tó ń sọ nípa rẹ̀, yàrá tirẹ̀ ni, nínú ilé wa ní South Shore. Kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ọkọ rẹ̀. Ká ní ìyá rẹ̀ wà láyé ni, ta ni ì bá dárúkọ Joliet? Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti kú, ilé sì ku èmi nìkan. Mo fẹ́ kí ọmọ tuntun yẹn ti ilé ìwòsàn wá sí ilé wa. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun tí mo sọ ni pé, "Fún mi láàyè díẹ̀. Màá tún yàrá yẹn ṣe."

"Ta ló máa bá yín ṣe é?"

"Èmi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbé mi dìde.

Mo kọ́kọ́ pe ìyá ìyàwó mi ní Ìbàdàn, nítorí èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun. Físà tí wọ́n fi wá kí wa nígbà kan kò tíì kú. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Àna mi, ọmọ ọmọ mi fẹ́ bímọ, ẹ ń bi mí bóyá màá wá? Ẹ wá tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ yé bi mí ní ìbéèrè."

Mo fi ọ̀bẹ la kápẹ́ẹ̀tì náà sí gbọọrọ gbọọrọ, mo ká a bí ẹní, mo gbé e síta. Eruku abẹ́ rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹnu yà mí pé a ti ń mí nínú ilé yẹn látọjọ́ yìí. Mo gbá a, mo nù ún, mo sì kọjú sí ògiri.

Mi ò kun ògiri rí láyé mi. Ọ̀dà tí mo yàn, àwọ̀ inú ìbẹ́pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni. Nígbà tó ṣì tutù lára ògiri, ó dà bí epo pupa. Mo jáde lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo ń sọ fún ara mi pé ó ti bàjẹ́. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti gbẹ, ó ti rọlẹ̀, oòrùn sì ń bá a ṣeré. Ara mi yá gágá. Mo gbé rola, mo tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Rola ń dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀, mo ń kọrin tí mi ò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Ìyá ìyàwó mi dé kí n tó parí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní pápákọ̀ òfuurufú, àwọn èèyàn ń fi àpótí yí wa ká kọjá. Nígbà tí a délé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo irùngbọ̀n mi.

"Àna mi, ẹ̀yin lẹ kun ilé yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ilé lẹ kùn, àbí ara yín lẹ kùn?"

Ó ku ilẹ̀. Irú pákó pẹlẹbẹ tí etí èkíní ń wọ inú etí èkejì ni mo rà. Mo dàgbà kí n tó kọ́ ìwé kíkà, nítorí náà, èmi kì í fo ìlà kankan. Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí: bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, bí a ṣe ń gé e, pé omi kò gbọdọ̀ dúró lórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Tí pákó kan bá wọ inú èkejì, á dún kọ́! Mi ò gbọ́ ìró tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà mìíràn màá tún yọ ọ́, kó lè tún dún.

Nígbà tí mo tẹ́ ẹ tán, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Ó pè lójú ẹsẹ̀, ó ń kígbe. "Dádì! Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ ṣe gbogbo èyí? Mo ń bọ̀ níbẹ̀ o!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́, mo rí ìyá ìyàwó mi pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," mo bá tèmi lọ. Ta ni yóò bi ìyá ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ fi korobá ṣe?

Nígbà tí mo dé, wọ́n jókòó, inú wọn dùn. "Mo ti fọ yàrá yẹn fún yín. Ilé tí ọmọ tuntun ń bọ̀, a kì í fi eruku sílẹ̀ níbẹ̀."

Wọ́n ti da omi ọṣẹ sílẹ̀, korobá kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì nílé. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tó ya àwọn lẹ́nu ni pé ilé náà kò ní ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Omi náà ti wá ọ̀nà tirẹ̀. Ó gba àárín pákó wọlẹ̀ lọ. Gbogbo etí pákó ti wú bí búrẹ́dì tó já sínú tíì.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ibi tó wú. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n wo ilẹ̀.

"Kí ló ṣe é?"

"Mà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ rí omi ni."

"Ilẹ̀ tí kò gbọdọ̀ rí omi! Ṣé ilẹ̀ ni àbí ìwé? Àna mi, ọmọ ń bọ̀ o. Ọmọ á tọ̀, ọmọ á bì. Bí mi ò bá fọ̀ ọ́ lónìí, ṣé kò ní bàjẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ?"

Ibi tí a dúró sí nìyẹn tí fóònù mi fi dún. Ọkọ ọmọ mi ni. Ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀, ó yá ju bí a ṣe rò lọ. Ó ní ìyá òun ń bi òun bóyá kí àwọn tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Joliet. Mo ní, "Ẹ má tíì dá wọn lóhùn."

Ìyá ìyàwó mi ti ń so gèlè. "Ẹ mú mi lọ síbi tí wọ́n ti tà á fún yín."

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá ìyàwó mi ò fetí sí àlàyé kankan. Wọ́n ṣí ike omi tó wà nínú báàgì wọn, wọ́n da omi sórí pákó tí wọ́n pàtẹ, ẹni tó ń tajà sì ń wò wá. Wọ́n kọ àkọ́kọ́. Wọ́n kọ èkejì. Irú kan wà tó jẹ́ rọ́bà pátápátá, tí wọ́n kàn ya àwòrán igi sí lójú. Wọ́n da omi sí i, wọ́n dúró, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n fi èékánná họ etí rẹ̀. "Èyí ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀." Ẹni tó ń tajà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó pàtẹ́wọ́.

A tú ti àkọ́kọ́ dànù, a tan fáànù sí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ títí tó fi gbẹ, a ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ adágún ńlá tó wà nítòsí wa lè wọlé. Ọmọ mi bímọ, obìnrin ni, àwa méjèèjì kígbe sínú fóònù, a sì padà sídìí iṣẹ́. Èmi ń gé pákó rọ́bà náà, ìyá ìyàwó mi na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n ń fi òòlù rọ́bà lu etí rẹ̀. Wọ́n ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀: "Wọlé. Wọlé, má ṣe orí kunkun sí mi." Tí ọ̀kan bá kọ̀, wọ́n á ní, "O jọ bàbá ilé yìí." Ẹ̀rín ń pa mí. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti dún nínú ilé yẹn. A tẹ èyí tó kẹ́yìn wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n dá ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé ìwòsàn.

Ọkọ ọmọ mi ní àwọn á yà kí ìyá àgbà, kí ìyàwó òun sì mí nínú yàrá náà wò, kí àwọn tó pinnu bóyá Joliet ni àbí ilé wa. Wọ́n dé. Ìyá ìyàwó mi gba ọmọ, wọ́n sì ń kì í títí dé pálọ̀. Ọmọ mi kò jókòó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fọwọ́ kan ògiri, ó dúró láàárín yàrá, ó fa èémí sínú. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mi ò mí. Mo ń retí ikọ́. Ó tún fa òmíràn, èyí tó gùn.

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Báàgì mi wà ní búútù mọ́tò. Kó gbogbo ẹ̀ wọlé."

Kí ọkọ rẹ̀ tó yí padà, mo ti dé ìdí mọ́tò.