Mo Wá Moyọ̀ Lọ sí Etíkun Pọ́tóríkò

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti ilẹ̀kùn mi pa ní Highbridge, àdúgbò wa ní Bronx l'Amẹ́ríkà. Ẹ má ṣàánú mi nítorí ìdájí o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá, bí àkùkọ bá wà ní Bronx, èmi ni n bá máa jí i. Mo sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn gígùn tó gba àárín àwọn ilé kọjá, mo wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, mo bọ́ sí òmíràn, ó di pápákọ̀ òfuurufú. Pọ́tóríkò ni mo ń lọ, erékùṣù olóoru kan tó wà lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, nítorí náà wọn kò béèrè páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi ni mo ń wá lọ. Moyọ̀ nìkan ni mo bí. Ó wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tó ní òun fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì wo òkun. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù mẹ́ta. Inú bí mi, mo sọ fún un lórí fóònù pé, "Bí o kò bá padà sílé ìwé, má pè mí ní ìyá mọ́ láyé." Ó ní òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, oṣù mẹ́jọ gbáko, n kò gbúròó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ti kúrò lọ́kàn mi báyìí. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí ó tún pè mí ní Mọ́mì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wákàtí mẹ́rin ni a fi fò. Bí bàálù ṣe balẹ̀ ni àwọn èrò pàtẹ́wọ́, bíi tiwa n'Íkẹjà gẹ́lẹ́. Ooru pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún, nítorí ooru ilé ni. Takisí gba ọgọ́ta dọ́là lọ́wọ́ mi dé ìlú etíkun tí Moyọ̀ ti sọ fún mi, kí a tó jà, pé òun ń gbé. Ọ̀nà dán fún ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà ni kòtò bẹ̀rẹ̀, àwọn kòtò náà kò sì yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn.

Ilé àwọn arìnrìn-àjò alápò-ẹ̀yìn ni Moyọ̀ ń gbé. Ó ń gbálẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fún un níbi tí yóò sùn sí. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ ló wà nínú yàrá kan, tọkùnrin tobìnrin, ogójì dọ́là fún bẹ́ẹ̀dì kan lóòjọ́. Wọ́n wo orúnkún mi, wọ́n fún mi ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti Jámánì tó wà lókè mi béèrè orúkọ mi, mo sì dáhùn bí mo ṣe máa ń dáhùn níbi gbogbo: "Màmá Moyọ̀." Ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ onílé mi, orúkọ tí wọ́n mọ̀ nìyẹn. Èyí tí bàbá mi sọ mí, àfi bí mo bá wo ìwé.

Ojú ọmọ náà yí padà. Ó ní, "Moyọ̀ tó ń gbálẹ̀ níbí? Ó sọ fún wa pé òun kò ní ìyá."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Moyọ̀ fẹ́ràn àwàdà. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dà, mo sì sunkún.

Wọ́n ní ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní etíkun mìíràn, pé ọjọ́ Àìkú ni yóò dé, nítorí àríyá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lo ọjọ́ Sátidé ní èmi nìkan. Mo jí, mo kí gbogbo yàrá káàárọ̀. Ẹnìkan fi ìrọ̀rí bo etí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti rìn dé ogún orílẹ̀-èdè, wọn kò mọ orúkọ ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Indómì ni wọ́n ń sè, oníkálukú sì kọ orúkọ sára oúnjẹ rẹ̀ nínú fíríìjì. Nílé tèmi, ẹni tó bá kọ orúkọ sára ìkòkò ọbẹ̀, ìjà ló ń wá. Mo jáde lọ jẹ mofongo, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò pọ́n tí wọ́n dín, tí wọ́n wá gún mọ́ aáyù nínú odó kékeré. Dọ́là mẹ́rìnlá ni. Ó dùn, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni sọ fún pé ó dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni àríyá bẹ̀rẹ̀ létí òkun. Wọ́n gbé ẹ̀rọ orin tó tó kọ́bọ́ọ̀dù kalẹ̀. Aṣọ tí wọ́n wọ̀, bí a bá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò lè tó mi ró. Mo jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù pẹ̀lú báàgì mi lórí itan. Ibẹ̀ ni mo ti rí Moyọ̀ tó gbé àpò yìnyín. Ó ti rù, oòrùn ti pa á lára. Ó rí mi, ó gbé yìnyín kalẹ̀, ó sì wá kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì nínú iyanrìn. Àwọn tó ń jó rò pé eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ káàsán, ma."

"Moyọ̀. Ṣé 'ma' ni mo wá dà?"

"Ẹ̀yin lẹ ní n má pè yín bẹ́ẹ̀ mọ́. I'm just obeying yín, ma."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nínú ìdílé wa, àgbà kì í bẹ ọmọdé. Bàbá mi kú láì bẹ ẹnikẹ́ni rí. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo mú ọwọ́ rẹ̀, ó tutù.

"Má bínú, ọmọ mi. Mo ṣì í sọ. Inú ló bí mi."

Ó dìde, ó gbé àpò yìnyín. "Wọ́n ń dúró de yìnyín, ma," ó ní, ó sì lọ.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ó wá gbé ẹrù mi sínú takisí. Bàbá kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ló ń wà á. Moyọ̀ kúnlẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, ma." Mo ti jókòó, mo ti dojú kọ iwájú, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sójú fèrèsé awakọ̀, tó sọ èdè Sípéènì fún un. Kò sẹ́ni tó lè gbé Highbridge fún ọdún mọ́kànlá kó má gbọ́ èdè yẹn díẹ̀. Mo gbọ́ despacio, ìyẹn ni "rọra." Mo sì gbọ́ es mi mamá. Ìyá mi ni.

N kò yíjú. Nígbà tí a rìn díẹ̀, mo béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ohun tí ọmọ yẹn sọ.

"Ó ní kí n máa rọra wà á, pé ìyá òun ni mo gbé."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Nígbà tí mo ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wò mí nínú dígí, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo gun àtẹ̀gùn Highbridge padà, mo ń sinmi lóòrèkóòrè. Yàrá tutù. Mo gbé omi kaná, mo sì jókòó tì í. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ọmọ tí a tọ́ dáadáa lè gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu títí yóò fi dun ìyá náà wọ egungun. Fóònù mi kò tíì dún. Ó ti pè mí ní ìyá fún awakọ̀. Ó ku èmi.