Lẹ́tà Tí Màmá Fi Gé Ọrùn Aṣọ

Ìkẹfà ni wọ́n ń pe ọmọ télọ̀ yìí, nítorí láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé girama ni ipò kẹfà kò ti yẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ìdánwò le, ipò kẹfà. Bí ó rọrùn, ipò kẹfà náà ni. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa ni, ẹ má rò pé mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fún ẹni kẹfà ní sikọ́láṣíìpù? Ibi méje ló kọ̀wé sí, méjèèje ló já a kulẹ̀.

Olùtọ́jú ilé ìkàwé wọn ló pè é jókòó.

"Ibi tí gbogbo olórí kíláàsì ń kọ̀wé sí nìwọ náà ń lọ," ni obìnrin náà wí. "Wá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí máàkì ẹ máa ga ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń gbà wọlé lọ. Irú wọn máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní sikọ́láṣíìpù, wọn kì í sì í bèèrè fọ́ọ̀mù mìíràn. Máàkì tó o fi wọlé náà ni wọ́n máa wò."

Wọ́n jọ wá a títí, wọ́n sì mú ọ̀kan tó wà ní ìlú kejì.

Lẹ́tà dé, ojú ìwé kan péré: wọ́n ti gbà á wọlé. Kò sí ọ̀rọ̀ sikọ́láṣíìpù níbẹ̀ rárá. Màmá rẹ̀, tó ń dá nìkan tọ́ ọ, gbé àga kejì sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkàn Ìkẹfà bàjẹ́, nítorí ó mọ ẹni tí àga náà ń dúró dè.

Ó mú lẹ́tà náà lọ han olùtọ́jú ilé ìkàwé. Obìnrin náà tẹ ìka mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ojú ìwé kìíní nínú méjì. Èkejì dà?"

Ìkẹfà sáré délé.

"Mọ́mì, ṣé ìwé méjì ló wà nínú àpòòwé yẹn ni?"

Ọwọ́ màmá dúró lórí ẹ̀rọ. "Èyí tí nọ́ńbà kún inú ẹ̀ yẹn? Mo ṣe bí owó ilé ìwé ni. Mi ò fẹ́ kó o rí i kí àyà ẹ má bàa já. Bébà ẹ̀ sì le dáadáa..."

Ojú rẹ̀ lọ sára ògiri, níbi tí àwọn bébà tó máa ń tẹ́ lé aṣọ kó tó gé e kọ́ sí. Ẹ gbà mí o! Obìnrin yìí ti fi sikọ́láṣíìpù ọmọ rẹ̀ gé ọrùn aṣọ.

Orí ló kó wọn yọ pé màmá kì í tètè da àjákù nù. Wọ́n ṣa ìyókù nínú àpò, wọ́n fi píìnì so ó pọ̀, wọ́n kà á. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ilé ìwé rẹ̀ títí yóò fi parí, bí òun àti òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé náà, tí wọ́n sì dá a padà ó pẹ́ tán ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀hún náà ni wọ́n wà yẹn, aago mọ́kànlá sì ti kọjá.

Wọ́n dé ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Akọ̀wé wo ìwé tí píìnì kún ara rẹ̀, ó wo màmá.

"Mà, kí ló ṣe ìwé yín?"

"Sísọ́ọ̀sì mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí, ọmọ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín, ó ṣí rẹ́jísítà. "Orúkọ ọmọ yín ti wà níbí láti oṣù tó kọjá. Kẹ́ ẹ wá fọwọ́ sí i nìkan ló kù." Ó fún wọn ní ìwé tuntun, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

"Ẹ ò ní gbà á padà?"

"Rárá, mà."

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí màmá tó tún padà lọ bi í.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ bọ̀, Ìkẹfà fẹ́ sọ bí inú òun ṣe dùn tó, ṣùgbọ́n màmá ti sùn lọ fọnfọn lé e léjìká. Kò tí ì rí i rí kí ó sùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Apá Ìkẹfà ti kú, síbẹ̀ kò mira títí wọ́n fi délé.